Àlòkù Inú Ilé Tuntun

Odo-Ape, ọ̀nà Kàbà.
8 October, 1956.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbí nìyẹn, mo ti kọ́ ọ. Ìyá mi ńkọ́? Àwọn àbúrò mi ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ kíṣìnì ọ̀gá yín ò pọ̀ jù? Ní ti ara, mo wà dáadáa. Ní ti ọkàn, kò dáa, ṣùgbọ́n màá sọ ìyẹn nísàlẹ̀.

Ìyá àgbà ní kí n kí yín. Wọ́n ní ó ti di ọdún méje tí wọ́n ti fojú kan ọmọ wọn gbẹ̀yìn, pé bí ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, kí ẹ má fi òru wọ̀lú. Kí ẹ wọlé lọ́sàn-án gangan kí gbogbo ẹni tó lójú rí yín.

Bàbá, ilé yín dára. Páànù rẹ̀ ń dán débi pé àwọn tó ń bọ̀ láti oko ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí mo bá húkọ́ ní yàrá, pálọ̀ á dá mi lóhùn. Ẹ ní kí n máa sùn níbẹ̀ kí ilé má bàa tutù. Mo ń sùn níbẹ̀, lórí ẹní, èmi pẹ̀lú àwọn aláǹgbá.

Àná tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi ni ojú tì mí jù. Àlùfáà wá láti Kàbà, òun àti tíṣà Gbádéyan, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ilé yìí tí ẹ̀yin Mósè kọ́ láti Jọ́ọ̀sì. Mo wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí títí, mi ò rí. Mo bá sáré lọ gbé odó ìyá àgbà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ fún àlùfáà. Ó jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà Gbádéyan dúró, ó fi ara ti ògiri. Ẹfun ara ògiri lẹ̀ mọ́ kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn, mo rí i, mi ò lè sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn gba àárín ìlú lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni ìyá àgbà gbọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, odó lo fi àlùfáà jókòó lé? Ta ní ń jókòó lórí odó?" Mo ní mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Wọ́n ní, "Kí lo wá mọ̀?"

Bàbá Ìbítóyè, ẹ̀gbọ́n yín, náà yà. Wọ́n wo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe "hùn". Wọ́n ní, "Àbúrò mi kọ́lé fún afẹ́fẹ́." Àwọn ọmọ tó tẹ̀lé wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń pè mí ní Gàmbàrí, nítorí pé Háúsá máa ń yọ lẹ́nu mi tí inú bá ń bí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fi àga ránṣẹ́. Ẹ ti yọ mí ní ilé ìwé nítorí ilé yìí. Kí ilé náà má wá di ohun tí wọ́n fi ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Èmi ọmọ yín tí ojú ń tì,
Rhoda.


Jọ́ọ̀sì,
20 October, 1956.

Rhoda ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ara gbogbo wa le. Ìyá rẹ ní kí o máa fi òrí pa ẹsẹ̀ nítorí ọyẹ́ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ odó yẹn dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tí a bí sí Jọ́ọ̀sì tí kò mọ ilé, ọjọ́ kan ni yóò dójú tì wá. Máa béèrè kí o tó ṣe ohunkóhun. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ní ti àga, èmi fúnra mi ni n óò kó o bọ̀ ní Kérésìmesì. Tuntun ni. Kápíńtà kan ní Búkúrù ti ń fá igi rẹ̀ lọ́wọ́, yóò sì fi fáníìṣì kùn ún. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá wá kí ọ, kí ó dúró kí ọ. Ìkíni kì í ṣe ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Má ṣe gbé àlòkù wọ ilé yẹn. N kò fẹ́ gbọ́ pé o yá àga, n kò fẹ́ gbọ́ pé o ṣa nǹkan ní ààtàn. Láti ìgbà tí mo ti ń se oúnjẹ fún òyìnbó, bàtà ẹsẹ̀ mi, òun ló wọ̀ ọ́ kù. Kóòtù tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló wọ̀ ọ́ kù. Bẹ́ẹ̀dì tí a bí ọ sí, ìyàwó rẹ̀ ló ní kí a gbé e sọnù. Mo kọ́ ilé yẹn kí n lè ní ohun kan láyé tí ẹlòmíràn kò tíì fi ìdí kàn.

Kí Ìyá mi fún mi. Kí ẹ̀gbọ́n mi. Sọ fún un pé afẹ́fẹ́ inú ilé mi, èmi ni mo ni ín.

Èmi bàbá rẹ,
M. Bámgbóṣé.


Odo-Ape,
9 November, 1956.

Bàbá mi,

Okun o. Ṣé ẹ jí ire? Ṣé Ìyá mi jí ire? Àná ni ìwé yín dé ọwọ́ mi. Ó dé nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́. Mo kọ́kọ́ ní màá dákẹ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí i nígbà tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra, ó ń ta mí nínú bí ìṣáná.

Mo ti kó àlòkù wọ ilé yín.

Òyìnbó tó ń la ọ̀nà ní Kàbà ló padà sílùú rẹ̀, wọ́n sì da àwọn nǹkan tó fọ́ sẹ́yìn ilé tó gbé. Joseph kápíńtà, ará Ẹ̀gbẹ̀ tó kan fèrèsé yín, ló wá sọ fún mi. A fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó wọn díẹ̀díẹ̀. Àga ìrọ̀gbọ̀kú tí aṣọ rẹ̀ ti ya. Ìlẹ̀kùn kan tí ikán ti jẹ lápá kan, Joseph gé apá tí ikán jẹ kúrò, ó kan ẹsẹ̀ mọ́ ìyókù, ó di tábìlì. Àpótí kẹrosíìnì la tò léra tí a fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́rì kan sì wà tó ṣubú ní ẹsẹ̀ òkè láti ọjọ́ pípẹ́, igbó ti bò ó. A tú ìjókòó ẹ̀yìn dírẹ́bà rẹ̀ wá, ó gùn, ènìyàn mẹ́ta lè jókòó lé e. A tú pákó iwájú rẹ̀ náà, a fi ṣe pẹpẹ ara ògiri. "OLÚWA NI" ló kù lára pákó yẹn, ìyókù ọ̀rọ̀ náà ti jóná. Ìyá àgbà kì í kàwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Joseph jókòó lórí ìjókòó lọ́rì láti dán an wò. Ó ní, "Rhoda, sípíríìngì rẹ̀ ṣì ń fò bí ewúrẹ́. Àlejò tí kò bá fẹ́ lọ sílé, òun fúnra rẹ̀ á jù ú síta."

Bàbá, inú mi dùn títí di àná. Ìgbà tí mo ka ìwé yín dé ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìdí, mo wo ìjókòó lọ́rì yẹn, mo ro iye ìdí tó ti kàn án láti Kàbà dé Lọ́kọ́jà, mo bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ọgbọ́n dá sí i. Màá bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé àlòkù ni. Ìyá àgbà ti lọ sí Ìyàrá láti lọ wẹ ọmọ fún àǹtí Lucy, àbúrò yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àpótí kan wà lókè àjà yàrá wọn, ìdérí rẹ̀ ti ń wó. Mo ṣí i. Aṣọ ló wà níbẹ̀, aṣọ pupa tó wúwo, tí iṣẹ́ ọnà wà lára rẹ̀ bí ẹ̀yìn ejò, ó ń rùn èéfín. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò rí i lára wọn rí, ni mo fi mọ̀ pé wọn ò nílò rẹ̀. Ẹ ní kí n máa béèrè. Mo béèrè lọ́wọ́ Joseph, ó ní aṣọ ilẹ̀ Bùnù tiwa níbí ni, òun ará Ẹ̀gbẹ̀ ò mọ ìlò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹwà.

Mi ò gé e o. Mo kàn ká ọ̀kan bo ìjókòó lọ́rì. Èyí tó gùn jù, lọ́la ni màá fi kọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú bíi kọ́tìnnì. Ẹ rántí kọ́tìnnì pupa pálọ̀ ọ̀gá yín tí a máa ń wò láti ojú fèrèsé kíṣìnì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiyín náà máa rí.

Ẹ má bínú sí mi pẹ́.
Rhoda.


Odo-Ape,
12 November, 1956.

Sí Priscilla, aya Mósè Bámgbóṣé, ní Jọ́ọ̀sì.

Ìyàwó wa,

A kú ọ̀fọ̀. A kú àmúmọ́ra. Kí Ọlọ́run tu ìwọ àti àwọn ọmọ nínú. Èmi Ìbítóyè ni mo ń sọ̀rọ̀, tíṣà Gbádéyan ló ń bá mi kọ ọ́.

Láti òwúrọ̀ Sátidé ni a ti rí aṣọ ìpò, aṣọ òkú, lẹ́nu ọ̀nà ilé Mósè. Aṣọ Ìyá wa ni, a mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ pé ẹlòmíràn kò lè mú un jáde. A ní òun ló gbọ́ ní Ìyàrá tó ránṣẹ́ sí ọmọ pé kí ó fi kọ́ fún bàbá rẹ̀. A wọlé. A kò tíì la ẹnu tí a fi bá Rhoda lórí ẹkún, tó ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni a tún fẹ́ béèrè? A yin ìbọn. Mo pa ewúrẹ́ mi.

Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ lẹ kọ́kọ́ sọ fún, ẹ kò sọ fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìpò ju ọjọ́ orí Mósè lọ, pé àgbàlagbà olóyè ni a fi ń yẹ́ sí, pé kúkù sì ni Mósè. Mo ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́. Àbúrò mi ló fi páànù bo ilé mi, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sọ ọ́. Èmi ni mo dúró nínú pálọ̀ rẹ̀ tí mo ní ó kọ́lé fún afẹ́fẹ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti jókòó síbẹ̀ báyìí. Àga wà níbẹ̀, tábìlì wà níbẹ̀. Ilé náà kún.

Bí ẹ bá ti sin ín sí Jọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi irun àti èékánná rẹ̀ rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, kí a lè rí ohun kan sin sílé fún Ìyá.

Ìbítóyè.


Jọ́ọ̀sì,
18 November, 1956.

Rhoda,

Kí o tó ka èyí tó kù, dìde, lọ tú aṣọ yẹn sílẹ̀.

O ti tú u? Aṣọ ìpò ni. Bí àgbà ńlá bá kú ní Bùnù ni wọ́n ń ta á sí ojú ilé rẹ̀. A kì í fi kọ́ ilé ẹni tó wà láàyè. Gbogbo wákàtí tí ó bá fi wà níbẹ̀, ìròyìn ikú mi ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ká a bí o ṣe bá a, dá a padà sínú àpótí, má sì ṣe dúró de ìgbà tí Ìyá mi yóò ti Ìyàrá dé.

Ọ̀rọ̀ àlòkù, ojúkojú ni a ó sọ ọ́.

Bàbá rẹ.


WÁYÀ. Láti Jọ́ọ̀sì sí Kàbà.
21 November, 1956.
Sí tíṣà Gbádéyan, Odo-Ape.

MÓSÈ KÒ KÚ. Ẹ GBA ÌYÁ LẸ́KÚN. ÈMI MÓSÈ.


Odo-Ape,
24 November, 1956.

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Ẹni tí mo ti sunkún rẹ̀, kí ni mo fẹ́ kí i? Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo ti ya á, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé yín tó ní kí n tú aṣọ sílẹ̀, ọ̀sán òní ló dé, nígbà tí ìyá àgbà ti tú u ká sínú àpótí. Ní ti wáyà, dírẹ́bà ló mú un wá lánàá, tíṣà Gbádéyan sì kà á jáde lábẹ́ igi iwájú ilé yín. Àwa ti mọ̀ kó tó dé. Màá sọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí mo fi aṣọ náà kọ́ ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ Sátidé, mo lọ pọn omi. Bí mo ṣe ń bọ̀, àwọn obìnrin dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń tú gèlè wọn. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo débi ilé, ìyá Olúṣínà tó wà ní ilé kejì gbá mi mú, ó ní, "Yé, Mósè. Yé, ọmọ Ìyá." Bàbá, mo rò pé lọ́rì kan ló mú ìròyìn wá láti Jọ́ọ̀sì nígbà tí mo wà lódò. Mo rò pé wọ́n mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ìkòkò bọ́ lórí mi. Mo sunkún bí ẹni tó ya wèrè. Àwọn náà rí mi tí mò ń sunkún, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, òótọ́ ni." Ẹkún tèmi ló mú tiwọn lágbára, tiwọn ló mú tèmi lágbára. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Wọ́n kún inú ilé. Gbogbo ibi tí mo rò pé kò ní sẹ́ni tó máa jókòó sí, wọ́n jókòó síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan fi ọwọ́ pa tábìlì, ó ní, "Ẹ wo nǹkan. Mósè jẹ ayé kó tó lọ." Òmíràn ní, "Àga òyìnbó nìyẹn o, kì í ṣe ti ọjà." Bàbá Ìbítóyè jókòó sórí ìjókòó lọ́rì, sípíríìngì jù wọ́n sókè, wọ́n tún bọ́ sílẹ̀, wọn ò dá ẹkún dúró, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ń yin àga yẹn, inú mi dùn. Díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó dùn. Nínú ọkàn mi ẹ ti kú, mo dojú bolẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, etí mi sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin tábìlì mi. Irú ọmọ wo nìyẹn? Ọ̀rọ̀ aṣọ, mo lè ní mi ò mọ̀. Èyí, mi ò lè ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè ni ìyá àgbà dé láti Ìyàrá, nítorí wọ́n ti ránṣẹ́ lọ pè wọ́n. Wọn ò sunkún. Wọ́n dúró sí iwájú aṣọ náà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló mú un jáde?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló mú ìròyìn wá?"

Ìyá Olúṣínà ní, "Bàbá Ìbítóyè ló ní kí a wá sunkún."

Bàbá Ìbítóyè ní, "Èmi? Rhoda ni mo bá lórí ẹkún."

Wọ́n kọjú sí mi. Mo ní, "Lẹ́nu ìyá Olúṣínà ni mo ti gbọ́."

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, wọ́n fi etí aṣọ bo ẹnu. Bàbá Ìbítóyè wò mí, wọ́n mú fìlà wọn lórí ìjókòó lọ́rì, wọ́n jáde. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ní báyìí, mi ò lè lọ sódò lójú ọ̀sán. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ lórin, "Rhoda pa bàbá rẹ̀." Àwọn àgbà pàdé, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà tí a ti ta ìpò sí nítorí yín, ẹ ò gbọdọ̀ gbà á wọlé láàyè. Ilé yín nìyẹn, Bàbá, ọ̀nà iwájú rẹ̀ kan náà ló sì ní, ẹ̀yìn rẹ̀ fi ara ti àpáta. Àwọn kan tilẹ̀ ní wáyà kì í ṣe ẹ̀rí, pé ẹlòmíràn ló lè fi rán an.

Mo fẹ́ kó gbogbo àga yẹn lọ sí ààtàn kí n ti iná bọ̀ wọ́n. Joseph ló dì mí mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ní Kérésìmesì. Bí ẹ ò bá wá, wọn ò ní gbà láéláé pé ẹ wà láàyè, èmi ni mo sì máa jẹ́ ẹni tó pa yín.

Rhoda.


Jọ́ọ̀sì,
3 December, 1956.

Rhoda,

Mo wà láàyè. Irun mi wà lórí mi, èékánná mi wà lọ́wọ́ mi. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ó ní kí ìyá rẹ fi wọ́n ránṣẹ́.

Èmi ni mo gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ìyá rẹ wà lọ́jà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ka ìwé òkú ara mi, ọbẹ̀ ọ̀gá jóná mọ́ mi lẹ́yìn. Àwọn ará ilé wa tó wà níbí ti gbọ́. Lásárù ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sún, wọ́n á ní kí n jókòó, pé ọ̀nà mi jìn.

N kò lè sọ fún ọ pé n óò wá. Ojú ń tì mí. Kì í ṣe tìtorí ohun tí o ṣe nìkan. Wọ́n ti fi aṣọ tí kò tọ́ sí mi yẹ́ mi sí. Ojú wo ni kí n fi wọ ìlú, kí n máa kí àwọn àgbà tí aṣọ náà tọ́ sí? Mo ti sọ fún kápíńtà Búkúrù pé kí ó dá iṣẹ́ dúró ná.

Ohun tí o ní o kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbọ́ ọ. Má tún un sọ fún ẹlòmíràn.

Mo ń ronú kan ohun tí Ìyá mi sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní àwọn ìyá àwọn kò ní òwú pupa. Aṣọ òyìnbó tó wá láti odò ni wọ́n ń rà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, òwú tí wọ́n tú yìí ni wọ́n fi ń hun ìpò. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló padà sí mi lọ́kàn, níbi tí mo ti ń fọ abọ́.

Má da àga náà nù. Kí o sì dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti òwúrọ̀ ni òun ti jókòó nínú ilé mi. Ṣé lóòótọ́ ni?

Bàbá rẹ,
M. Bámgbóṣé.


Odo-Ape,
12 December, 1956.

Bàbá mi,

Okun o, ẹ kú làálàá. Dírẹ́bà ń dúró, mi ò ní pẹ́.

Òótọ́ ni. Orí ìjókòó lọ́rì ni wọ́n sùn láti Sátidé títí ìyá àgbà fi dé. Wọn ò ká ẹsẹ̀ sókè, bí wọ́n ṣe jókòó ni wọ́n ṣe sùn. Ìyàwó wọn gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní kó gbé e fún ẹlẹ́kún.

Mo ti ní wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pàdé wọn lọ́nà oko lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mi ò lè wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ń bọ̀ àbí kò bọ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Dìde kúrò lórí èèrà."

Lọ́jọ́ kejì, ariwo ló jí mi. Mo rò pé ògiri ń wó. Bàbá Ìbítóyè ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó kọjú sí ilé tiwọn, wọ́n fi àáké ń lu ògiri yín. Joseph dúró tì wọ́n, ó ń fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń ṣe?" Wọ́n ní, "Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà iwájú. Ṣé wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba ibòmíràn?"

Wọ́n ti lu ọ̀nà tuntun sí ara ilé yín. Kò sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n máa fi sí i, Joseph ní pákó ti tán ní Kàbà títí di ọdún tuntun. Nírọ̀lẹ́ àná, wọ́n lọ tú ìlẹ̀kùn yàrá tiwọn, wọ́n gbé e lérí wá. Ẹní ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà tiwọn báyìí, ọyẹ́ sì ti dé. Ìyàwó wọn ń kùn. Wọ́n ní kó lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí òtútù bá ń mú un.

Bàbá, ìlẹ̀kùn náà ti gbó. Ọwọ́ ti fá a dúdú níbi tí wọ́n ti ń tì í. Àlòkù ni. Mo ní kí n sọ fún yín kí ẹ tó dé.

Rhoda.


Odo-Ape,
28 December, 1956.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdáwà. Bàbá ní kí n kọ̀wé sí yín pé àwọn dé láyọ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn dí.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ni lọ́rì já wọn sílẹ̀. Wọn ò mú àga kankan bọ̀, àpótí aṣọ wọn nìkan ni. Àwọn ọmọ tó ń kọrin sí mi kọ́kọ́ rí wọn, wọ́n sá wọ inú igbó. Ìyá Olúṣínà dúró lókèèrè, ó ní, "Mósè, bí ìwọ bá ni, húkọ́." Bàbá húkọ́. Ìyá Olúṣínà ní, "Okun o," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Ìbítóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà tuntun, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìlẹ̀kùn mú. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn sínú ekuru. Wọn ò ní kó dìde.

Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ mi tí mo pa sí òkú rẹ ńkọ́?"

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé ná."

"Kò sẹ́ni tó dì ọ́ lọ́nà."

Bàbá dìde. Wọ́n wo ìlẹ̀kùn náà, wọ́n wo apá ibi tí ilé Bàbá Ìbítóyè wà, níbi tí ẹní wà tí atẹ́gùn ń gbé sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlẹ̀kùn yín nìyí." Bàbá Ìbítóyè ní, "Ó ń dún tí a bá ń ṣí i. Fi epo sí i." Wọ́n bá ti apá ibòmíràn lọ, wọ́n ní àwọn ní iṣẹ́ lóko, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọdún.

Bàbá wọlé. Mo sá sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wo gbogbo rẹ̀, àga, tábìlì, pákó lọ́rì. Wọn ò pè mí, wọn ò sì lé mi. Ènìyàn ń wọlé, ènìyàn ń jáde, gbogbo wọn ń fọwọ́ kan ejìká Bàbá kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó le. Nígbà tó yá, Bàbá jókòó sórí ìjókòó lọ́rì, sípíríìngì jù wọ́n sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sùn lọ níbẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀, nítorí ọ̀nà Jọ́ọ̀sì ti rẹ̀ wọ́n. Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó wọn wá síwájú wọn. Wọn ò gba kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àyà Bàbá ni wọ́n ń wò bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná.

Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò lè jókòó lórí èyíkéyìí nínú àwọn àga tí mo kó wálé.

Bàbá la ojú. Wọ́n gbé ife omi sórí tábìlì, omi dà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Rhoda."

Mo ní, "Ẹ pè mí, sà."

Wọ́n ní, "Tábìlì wa yìí ń mì. Wá òkúta pẹlẹbẹ kan ki bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀."

Mo jáde. Ìyá mi, òkúta pọ̀ níta ilé wa bí ìyàngbò, ẹsẹ̀ ni mo fi ń kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mú ọ̀kan, nítorí mo fẹ́ kí ojú mi gbẹ ná kí n tó wọlé.

Èmi ọmọ yín,
Rhoda.